"Wíwá" àti "gbígbé wọlé": èsì mi lórí fáìlì ìlànà

Ẹ̀yin ará, okun o.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú dábàá pé kí a máa pe fáìlì tí áàpù tí a fi èdè kọ̀ǹpútà JavaScript kọ fi ń mọ bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ ní "ìwé àṣẹ", kí "àwárí" sì kárí gbogbo iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ọn, láti orí wíwá a títí dé orí lílò ó. Àǹtí wa ní Mọ̀pà ní rárá, pé "kíkà wọlé" ló yẹ kó tẹ̀lé àwárí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká tún un wò, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ ní Kàbbà ń lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá gbọ́ "ìwé àṣẹ", ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ló máa wá sí i lọ́kàn, ohun tí ìjọba ń fúnni kéèyàn tó lè ṣe nǹkan. Fáìlì yìí kì í yọ̀ǹda fún áàpù láti ṣiṣẹ́. Bí yóò ṣe ṣe é ló ń sọ. "Fáìlì ètò" náà kò wọ̀ ọ́, torí ètò la ti ń pe áàpù fúnra rẹ̀. "Fáìlì ìlànà" ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ "àwárí" gan-an ló ká mi lára. Àwọn àgbà ní àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀: kò sí àìrí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n search, àṣẹ tí a fi ń wá fáìlì nínú cosmiconfig, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ áàpù Node.js (ohun tó ń mú JavaScript ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà) ń lò fún iṣẹ́ yìí, lè wá a títí kó má rí nǹkan kan. Null, ìyẹn "kò sí nǹkan", ló máa dá padà, kò sì ka ìyẹn sí àṣìṣe. Wíwá ni, kì í ṣe àwárí.

Ẹ wo bó ṣe ń wá a. Áàpù tí a ń kọ ní Kàbbà ń fi ọ̀rọ̀ Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ hàn. Okun, orúkọ tí a fi ń pe gbogbo wọn pọ̀, la pè é. Cosmiconfig á kọ́kọ́ wo package.json, fáìlì tó ń sọ orúkọ iṣẹ́ náà àti ohun tó nílò, bóyá a kọ "okun" síbẹ̀, kó tó kan .okunrc, .okunrc.json àti àwọn yòókù, títí dé okun.config.js. Fáìlì tó bá ṣófo, á fò ó. Èyí tó bá kọ́kọ́ rí ló máa mú, kì í pa méjì pọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí kò bá rí i nínú fódà kan, á bọ́ sí fódà tó wà lókè rẹ̀, á tún gòkè sí i, títí dé fódà ilé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni áàpù ọmọ kan ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ Yàgbà jáde nígbà tó ń retí Owé: .okunrc àtijọ́ kan ló wà nínú fódà ilé rẹ̀. Láti ẹ̀dà 9, fódà tí a wà nínú rẹ̀ nìkan ló ń wò, àfi tí a bá sọ fún un. Fi searchStrategy, ibi tí a ti ń sọ bí yóò ṣe wá a, sí project, á gòkè dé ibi tí package.json wà, á dúró. Fi sí global, á gòkè dé fódà ilé.

Ní ti load, àṣẹ cosmiconfig kejì, a ti júwe ibi tí fáìlì wà fún un. Bí kò bá bá a níbẹ̀, àṣìṣe ló máa kéde. Lóòótọ́, search tó bá rí fáìlì á gbé e wọlé fúnra rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ méjì ló ṣe yẹn, ọ̀rọ̀ méjì ló sì yẹ wọ́n.

"Kíkà wọlé" dára fún .okunrc.json. Ṣùgbọ́n okun.config.js kì í ṣe ohun kíkà lásán: Node.js á mú gbogbo àṣẹ inú rẹ̀ ṣẹ, kódà bí àṣẹ náà bá ní kó pa fáìlì mìíràn rẹ́. Ẹni tó bá rò pé kíkà lásán ni kò ní ṣọ́ra kó tó gba fáìlì ẹlòmíì sínú iṣẹ́ rẹ̀. "Gbígbé wọlé" ni mo fara mọ́. Ká má sì sọ ọ́ di "kíkó wọlé": ohun púpọ̀ la ń kó, ẹyọ kan la ń gbé, import, àṣẹ JavaScript tó ń mú ohun inú fáìlì kan wá sínú òmíràn, sì ti gba "kó wọlé" tipẹ́.

Àǹtí wa, ṣé "gbígbé wọlé" tẹ́ yín lọ́rùn fún fáìlì .js? Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọ̀rọ̀ wo lẹ ní tó máa jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé fáìlì yẹn á ṣiṣẹ́ gan-an?