Ajílẹ̀ tó ní rare earth nínú, ṣé ká lò ó àbí ká sá fún un?

Àgbẹ̀Tuntun: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹnì kan ń polówó ajílẹ̀ olómi kan fún mi, ó ní lanthanum àti cerium, ìyẹn méjì lára àwọn mẹ́táàlì tí wọ́n ń pè ní rare earth, ló wà nínú ẹ̀, pé téèyàn bá fi rẹ irúgbìn tàbí kó fọ́n ọn sí ewé, irè oko á pọ̀ sí i. Ṣé òótọ́ ni? Ẹni tó máa jẹ ẹ́ ńkọ́?

BàbáIrúgbìn: Kìí ṣe irọ́ o. Àwọn ará Ṣáínà ti ń lò ó lóko láti àwọn ọdún 1980 wá. Tó bá kéré, gbòǹgbò máa ń gùn dáadáa, ewé á sì tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n kìí ṣe oúnjẹ ohun ọ̀gbìn o, ẹ má torí ẹ̀ pa NPK (ajílẹ̀ tó ní nitrogen, phosphorus àti potassium) tì. Ìwọ̀n gan-an ni wàhálà ẹ̀, torí lanthanum jọ kálísíọ̀mù débi pé ó máa ń dí ojú ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tó bá wá pọ̀ jù, gbòǹgbò tó yẹ kó gùn á kúrú ráńdẹ́, ewé á sì máa pọ́n.

Ewéko_Tútù: Ọ̀rọ̀ yín dáa bàbá, àmọ́ ilẹ̀ ló ń kọ mí lóminú jù. Nǹkan yìí kì í jẹrà, ó máa ń lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ni, òjò ò lè tètè wẹ̀ ẹ́ lọ, torí náà téèyàn bá ń dà á sílẹ̀ lọ́dọọdún ṣe ló máa ń kún síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ajílẹ̀ fọ́sífétì tá à ń lò tẹ́lẹ̀ náà ní díẹ̀ nínú látinú òkúta tí wọ́n fi ṣe é. Tí ilẹ̀ bá tún wá kan, ìyẹn tí ásíìdì bá pọ̀ nínú ẹ̀, á tú sílẹ̀, gbòǹgbò á máa fà á. Ní ti jíjẹ, inú gbòǹgbò ló máa ń pọ̀ sí jù, ewé ló tẹ̀ lé e, èyí tó ń dé inú hóró ò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ kárọ́ọ̀tì tàbí ewébẹ̀ lẹ gbìn, ẹ ṣọ́ra gan-an ju ẹni tó gbin àgbàdo lọ.

Àgbẹ̀Tuntun: Ẹ ṣé gan-an. Kí ni kí n wá bi ẹni tó ń polówó ẹ̀?

BàbáIrúgbìn: Ẹ bi í pé mílígíráàmù mélòó ló wà nínú lítà kan, kó sì fi ìwé àyẹ̀wò hàn yín pé kò sí thorium (mẹ́táàlì tó ń tú ìtànṣán olóró jáde) tàbí cadmium (mẹ́táàlì olóró) nínú ẹ̀, torí òkúta tí wọ́n ti ń wa nǹkan wọ̀nyí sábà máa ń ní thorium. Tí kò bá ní ìwé, ẹ má rà á. Tó bá ní, ẹ yẹ ilẹ̀ yín wò bóyá ó kan, kẹ́ ẹ fi ebè díẹ̀ sílẹ̀ láìfọ́n kí ẹ lè fi wé èyí tẹ́ ẹ fọ́n.