Ẹ́ńjìnnì tó ń kú tí mo bá dá ṣóòkù padà: mo ti rí i ṣe

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti béèrè níbí tẹ́lẹ̀ nípa ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ agékoríko tí wọ́n fún mi fi kọ́ṣẹ́, tó jẹ́ pé bí mo bá ti dá ṣóòkù (ohun tó ń dín atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kù kó lè tètè ta) padà báyìí ó ti kú. Pílọ́ọ̀gì (ohun tó ń ṣáná sí epo) tuntun tí àwọn kan ní kí n fi sí i jẹ́ kó tètè ta lóòótọ́, àmọ́ kíkú ò dúró. Ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí n tú kábúrétọ̀ (ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀) ló ṣiṣẹ́, epo tó ti pẹ́ nínú ẹ̀ ló di bíi gọ́ọ̀mù, ó dí ihò jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin kékeré tí epo ń gbà kọjá, pa. Mo kọ́kọ́ fọ́n òògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sí i láìtú u (ọ̀lẹ ni), kò ṣe nǹkan kan, àfìgbà tí mo yọ jẹ́ẹ̀tì jáde tí mo ki wáyà bàbà tín-ín-rín bọ̀ ọ́, jẹ́jẹ́ o, kí ihò ẹ̀ má baà fẹ̀, tí mo wá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ni mo tó rí ìmọ́lẹ̀ lódìkejì. Ó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko láìsí ṣóòkù. Ọ̀gá mi ò gbà, ó ní kí n tún un tú níwájú òun.

Èyí tó kù: ìró ẹ̀ ṣì ń lọ sókè sódò tí kò bá gé nǹkan. Gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àlàfo kí atẹ́gùn má baà wọlé) ìdí kábúrétọ̀ ti ya létí, òun ni mo fura sí, màá pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ ṣé gan-an.