Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọ egungun tàbí oríkèé ọmọ: ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn:

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé ohun tó ṣe é jọ ìrora tó máa ń mú un tẹ́lẹ̀ débi pé gbogbo ilé ló ti gbà pé òun náà ni. Ojúgun òsì rẹ̀ wú, ara rẹ̀ sì gbóná. Ṣùgbọ́n ìrora ti tẹ́lẹ̀ a máa kiri láti apá dé ẹ̀yìn, èyí kò sún kúrò lójú kan: bí mo bá fi ìka kan ibì kan báyìí lábẹ́ orúnkún, á ké, bí mo bá yẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á dákẹ́. Awọ ibẹ̀ ń dán. Ìyá ọkọ mi ní kí a fi òrí wọ́ ọ, ẹlòmíràn ní kí n ra Ampiclox ní kẹ́mísì. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé ya ẹ́síréè, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n sì fún wa ní oògùn ibà. Dókítà àwọn ọmọdé tó rí i lẹ́yìn náà ló là mí lóye pé ẹ́síréè kì í sábà fi ohunkóhun hàn títí di nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn tí kòkòrò bá ti wọ egungun. Kó tó fún un ní abẹ́rẹ́ kankan, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò tí wọ́n ti ń tọ́ kòkòrò. Ó ní bí oògùn apakòkòrò bá ti ṣáájú, kòkòrò náà lè má hù mọ́, a kò sì ní mọ oògùn tí apá rẹ̀ ká a.

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Salmonella ló hù. Kòkòrò mìíràn, Staphylococcus aureus, ló sábà máa ń fa àrùn yìí lára àwọn ọmọ mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tiwa a máa dí àwọn iṣan tín-ín-rín ara ìfun, Salmonella á gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, á sì lọ bá ibi tí egungun ti kú díẹ̀. Wọ́n ń fún un ní oògùn apakòkòrò ceftriaxone láti ojú iṣan. Nígbà tí ibà lọ, tí CRP, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí àrùn ṣe ń bá ara jà tó, sì ń wálẹ̀, wọ́n yí i sí ciprofloxacin oníhóró. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń lò fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ sì wà, nítorí pé ọmọ tó ti ń fò káàkiri ilé kò rí ìdí tí òun fi ń jẹ nǹkan kíkorò láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ń lọ̀ ọ́ pò mọ́ ògì. Mílíìkì ni n kò gbọdọ̀ bù sí i, nítorí pé kì í jẹ́ kí oògùn náà wọ ara. Owó rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.

Bàbá ọmọ kan, London:

Ẹ kú aájò ọmọ, mà. Ọmọ tiwa kò tíì pé ọdún méjì, kì í sì í ṣe fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀fìnkìn mú un, lẹ́yìn rẹ̀ ni kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ mọ́. Bí a bá ti ń ya itan rẹ̀ láti pààrọ̀ ìtẹ́dìí, igbe á ta. Oríkèé ìbàdí ni ọyún wà. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láti fọ ibẹ̀, nítorí pé ọyún tó bá há síbẹ̀ lè tẹ àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí egungun itan, kí orí egungun náà sì kú. Oògùn nìkan kò tó. Omi tí wọ́n fà kò hu nǹkan kan. Àyẹ̀wò PCR, èyí tó ń wá àmì àbùdá (DNA) kòkòrò, ló fi hàn pé Kingella kingae ni, kòkòrò tó máa ń gbé ọ̀nà ọ̀fun àwọn ọmọ kéékèèké, tí apá àwọn oògùn ìdílé penicillin sì ń ká. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, co-amoxiclav olómi ni a gbé relé. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì nípa oògùn ẹnu, àwọn dókítà wa ní ó tó bí ara ọmọ bá ti ń balẹ̀, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń fún ọmọ tí etí ń dùn lọ. Ìgbẹ́ gbuuru ni ìyà tó fi jẹ wá. A ṣì ń lọ ya ẹ́síréè ìbàdí náà lóòrèkóòrè, kí wọ́n lè rí i bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì ń dàgbà bákan náà.