Ẹ̀yin tó ń fi ìtọ́jú ẹsẹ̀ jẹun, ẹ wá sọ bó ṣe rí fún yín

Ọmọ Ìjẹ̀rù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà mi. Ó ku ọdún kan kí n parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ ló wù mí, èyí tí wọ́n ń pè ní podiatry. Bàbá mi ní òun ò rán mi níwèé kí n wá máa fọ ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Ìyá mi ò bínú ní tiwọn, wọ́n kàn ń béèrè pé ta ló máa máa san owó oṣù mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ náà dúró? Ṣé owó wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Tákíẹ̀

Ọmọ mi, ó pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó di ọdún 19 tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, 11 nínú ẹ̀ ni mo sì fi dojú kọ ẹsẹ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń gbin kajú lọ́nà Ìkòyí-Ilé ló gbé mi débẹ̀. Àtọ̀gbẹ wà lára wọn, wọn ò mọ̀. Ìṣó gba ìdí bàtà rọ́bà wọn wọlé, ó gún wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Bàbá fi lọ oko, wọ́n fi bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, wọn ò mọ nǹkan kan lára. Ìyàwó wọn ló gbọ́ òórùn. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé wọn dé wọ́ọ̀dù wa, ìka ẹsẹ̀ méjì ti dúdú bí èédú. Èmi ni mo mú bàtà yẹn lọ́wọ́ ìyàwó wọn, mo ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, ìṣó náà ṣì dúró síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Bàbá ò lo oṣù mẹ́rin sí i láyé.

Ohun tó fà á ni pé bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń ba àwọn iṣan tó ń jẹ́ kára mọ ìrora jẹ́. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sẹ́sẹ̀ náà á wá há. Ẹsẹ̀ ò ní ké nígbà tí nǹkan bá gún un, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó wo ojú egbò sàn ò sì ní débẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìwádìí kan jáde ní 2019 láti àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Nàìjíríà. Nínú aláìsàn 336 tí wọ́n gbà sí bẹ́ẹ̀dì nítorí egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ, 119 ni wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ wọn. Nítorí náà, bó o bá ń bi mí bóyá iṣẹ́ wà, iṣẹ́ wà débi pé ó ń pa mí lẹ́kún.

Ipò ni kò sí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ síwèé ìgbanisíṣẹ́ mi, owó nọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ń san fún mi, bí mo tilẹ̀ tọ́jú ẹsẹ̀ 20 lọ́jọ́ kan. Mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ̀ǹda yàrá kan ṣoṣo fún ẹsẹ̀ nìkan. Ọdún méjì ni lẹ́tà yẹn fi wà lórí tábìlì ọ̀gá kan, kó tó di pé wọ́n ní kí n máa lo kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn yàrá ìgbàkáàdì, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìkan. Ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì rẹ ni ilẹ̀ tó o máa dúró lé. Má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ láé.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, àṣìṣe ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo rò pé egbò ló lówó lórí. Bí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń gba ilé kiri, Apákẹ̀, Arówómọlẹ̀, títí dé Sunsun, mò ń wẹ egbò ní ₦3,000 lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló máa dáwó. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n á ní kí n ṣe sùúrù. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, fóònù wọn ò ní lọ mọ́. Egbò ẹsẹ̀ ṣúgà sì lè gba oṣù mẹ́ta kó tó jinná, èmi náà ò lè fi egbò sílẹ̀ ní ìdajì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo fi owó ara mi ra bándéèjì. Ẹnì kan fi iṣu san án dípò owó. Mo gbà á, mo sì dúpẹ́.

Ìyá kan tó ń din àkàrà l'Ọ́jà Ìgbò ló la ojú mi. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn yi bí awọ gángan, torí ìdúró ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iná. Àwọn Hausa tó ń gé èékánná kiri, tí a máa ń gbọ́ kẹ́ṣẹ́-kẹ́ṣẹ́ sísọ́ọ̀sì wọn láràárọ̀, ló ń bá wọn fi abẹ họ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo rí wọn, ibi tí abẹ ti wọlé ti ń ṣomi. Mo ní kí wọ́n dijú. Mo mú okùn tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń mọ nǹkan lára jáde, ó dà bí okùn ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja, ó wà lórí igi kékeré kan. Bí a bá fi ti ara, ìwọ̀n gíráàmù 10 ni agbára tó máa fi tẹ̀. Mo fi kan ìka ńlá, mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?” Wọn ò dáhùn. Mo fi kan abẹ́ ìka kẹta. Wọn ò dáhùn. Wọ́n wá ní, “Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?” Mo ti fi okùn náà kan ibi márùn-ún nígbà yẹn.

Àwọn tó jókòó nítòsí rí i. Ẹ̀rù bà wọ́n. Olórí àjọ wọn ló sọ pé, “Ṣebí gbogbo oṣù la máa ń dá owó, kí ló dé tí a ò lè dá ti ẹsẹ̀ mọ́ ọn?” Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. ₦1,500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Mo máa ń lọ bá wọn l'Ọ́jọ́rú, mà á wo àárín ìka, mà á gé èékánná gbọọrọ láì yí igun rẹ̀ wọlé, mà á họ ibi tó bá yi, mà á fi okùn yẹn dán ẹsẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà mà á ki ọwọ́ bọ inú bàtà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń ṣe é fúnra wọn nílé báyìí. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n báyìí, ènìyàn 87. Bí mo bá yọ owó ìbọ̀wọ́, abẹ, ọtí ìpakòkòrò àti ọ̀kadà, nǹkan bíi ₦95,000 ló máa ń kù sí mi lọ́wọ́ lóṣù. Òun ló ń san owó iléèwé àbíkẹ́yìn mi. Láti ọdún márùn-ún, ìka ẹsẹ̀ kan péré ni wọ́n gé láàárín wọn.

Ọmọ Hausa kan ní Sábó ti di ọ̀rẹ́ mi. Bó bá rí ẹni tó ní ṣúgà, kì í fi abẹ kàn án mọ́, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń darí wọn sí.

Ẹsẹ̀ tí kò tíì dégbò ló ń sanwó pẹ́, ọmọ mi. Sọ èyí fún ìyá rẹ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, màmá. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi tí mo wà, torí mo mọ̀ pé àbúrò yìí máa béèrè.

Ní England, oyè ọdún mẹ́ta ni, ènìyàn ò sì gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní podiatrist àyàfi tí orúkọ rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera bíi tiwa sílẹ̀. Ìwé nọ́ọ̀sì ilé wa ò lè gbé ọ débẹ̀. Wàá tún ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ ni, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè sì wúwo. Tó o bá parí, Band 5, ìyẹn ìpele owó oṣù kan, ni NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba wọn, máa kọ́kọ́ fi ọ́ sí: £31,049 lọ́dún ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún ìnáwó 2025/26. Ní ti ààbò iṣẹ́, ọkàn mi balẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, àwọn arúgbó àti oníṣúgà sì ń pọ̀ sí i. Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá: lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ọdún mẹ́rin sí i, lẹ́yìn ìyẹn ọdún mẹ́ta nílé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí akọ́ṣẹ́. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ níbẹ̀, owó wọn sì ju tiwa lọ fíìfíì.

Nígbà tí mo wálé ní Kérésìmesì, mo ní kí n wo ẹsẹ̀ ìyá bàbá mi nìkan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ará àdúgbò ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sórí àpótí kékeré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí egbò tí wọ́n ti fi eérú dí. Mo rí ẹsẹ̀ tó ti jóná lára ìgò omi gbígbóná. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń tọ́jú ẹsẹ̀ tó mọ́ tónítóní ní Leeds, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Oníbàtà Akẹ̀sán

Èmi ò kàwé púpọ̀, iṣẹ́ awọ ni wọ́n bí mi bá l'Ọ́yọ̀ọ́. Dókítà kan ló darí ọkùnrin kan sí mi tí wọ́n ti gé gbogbo ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Kò rí bàtà wọ̀ ní gbogbo ọjà. Ìgbà mẹ́ta ni mo tú bàtà náà kí n tó rí i ṣe. Iwájú gbọ́dọ̀ fẹ̀ kó sì jìn, fóòmù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, ojú rírán ò sì gbọ́dọ̀ wà nínú níbi tó ti máa gbo ara. ₦28,000 ni mo gbà. Méjì sí mẹ́ta ni mò ń rán lóṣù báyìí. Kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ra ọ̀kan tí kò padà wá.

Nọ́ọ̀sì Tákíẹ̀, ìyá alákàrà yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n ń wọ̀?

Nọ́ọ̀sì Tákíẹ̀

Sílípáàsì tó ti jẹ tán nídìí. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè.

Oníbàtà Akẹ̀sán

Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì lé páálí, kí ẹ fi bírò yí i ká. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹ fún awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Òwòdè, èmi á gbà á níbẹ̀. Awọ ni kí wọ́n san owó rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi di ìgbà mìíràn.

Ọmọ Ìjẹ̀rù

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí ìyá mi létí. Bàbá mi wà nínú yàrá, wọ́n ń gbọ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Màmá, ṣé mo lè bá yín lọ sọ́jà l'Ọ́jọ́rú?

Nọ́ọ̀sì Tákíẹ̀

Aago méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́. Mú páálí ìbọ̀wọ́ kan dání, kó o sì wá bírò tó ń kọ dáadáa. Ìwọ lo máa yí ẹsẹ̀ ìyá alákàrà ká.