“Ẹ̀rín adẹṣán” ni mo fara mọ́, kì í ṣe “àwàdà ìtura”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, nítorí ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń fà á. Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ń gbé ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta níbí, tí wọ́n máa ń kọ ìtumọ̀ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ fíìmù fún àwọn ará ilé wọn, ni wọ́n bi wá pé kí ni a ó máa pe ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní comic relief, ìyẹn ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe apanilẹ́rìn-ín tí òǹkọ̀wé máa ń fi há àárín eré tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le. Ẹnìkan dá “àwàdà ìtura” lábàá, ẹlòmíràn mú “ẹ̀fẹ̀ ìsinmi” wá. Kí a tó fẹnu kò, àbúrò wa obìnrin tó ń kọ́ni ní Aṣẹ́rò ti sọ pé òun kò rí ìdí tí a fi ń wá orúkọ fún ohun tí kò yẹ kó wà rárá, pàápàá nínú fíìmù àwọn akọni abàmì, ìyẹn superhero, nítorí pé ẹ̀rín ti ba irú fíìmù bẹ́ẹ̀ jẹ́; ó sì fi Thor: Ragnarok, tó jáde ní 2017, ṣe ẹ̀rí. Láti ìgbà náà ni ìjíròrò ti pín sí méjì, tí àwọn kan ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀, tí àwọn yòókù ń jiyàn lórí fíìmù. Lójú tèmi, iyàn kan ṣoṣo ni. Orúkọ tí a bá sọ nǹkan náà ni yóò pinnu irú ẹjọ́ tí a ó dá fún un, “ìtura” tí a sì kọ́kọ́ dì mú ló ṣì wá lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo “àwàdà”. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n ó ti ní ilé tirẹ̀. Láti ìgbà tí olóògbé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa, ti fi Aláwàdà sọ ẹgbẹ́ òṣèré wọn lórúkọ, ẹni tó bá gbọ́ “àwàdà” nínú ọ̀rọ̀ eré ń retí odindi eré tí ẹ̀rín jẹ́ ìpìlẹ̀ àti òrùlé rẹ̀, pẹ̀lú awò ojú ràgàjì tó bo ìdajì ojú. Ohun tí à ń wá orúkọ fún kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ẹ̀rín díẹ̀ ni, nínú eré tí kì í ṣe eré àwàdà. Fíìmù Deadpool ti 2016 jẹ́ àwàdà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí bí a ṣe lè sọ pé ẹ̀rín inú rẹ̀ ń gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ohun tó le, nítorí bí ohun kan bá le níbẹ̀, òun gan-an ni àlejò.

“Ẹ̀fẹ̀” sún mọ́ ọn díẹ̀. Àwọn ará Yewa àti Kétu tó ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ní eyín: ẹni tó ń kọrin ẹ̀fẹ̀ lóru a máa ṣàdúrà fún ìlú, a sì máa fi orin kan náà na ọ̀bàyéjẹ́ lẹ́gba. Nígbà tí M'Baku, olórí ẹ̀yà aláwọ̀ dúdú kan nínú fíìmù Black Panther ti 2018, halẹ̀ mọ́ ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ funfun tó ń dá sí ọ̀rọ̀ níwájú ìtẹ́ rẹ̀ pé òun yóò fi í bọ́ àwọn ọmọ òun, tó wá bú sẹ́rìn-ín pé àwọn kì í jẹ ẹran, ẹ̀fẹ̀ gidi nìyẹn, nítorí ẹni tí ẹ̀rín náà ń bù jẹ ni ẹni tó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ajẹ̀nìyàn ni àwọn ènìyàn dúdú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rín inú fíìmù ló ń bá ènìyàn wí, àti pé ní Abẹ́òkúta níbí, ẹni tó bá ní òun ń ṣẹ̀fẹ̀ kò ju ẹni tó ń dápàárá lọ. Ó wù mí kí a lò ó, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀.

“Ìtura” ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ohun tó bá tu ènìyàn lára ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ara bá ti tù ú. Omi tútù jẹ́ ìtura fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Láfẹ́nwá dé Kútọ̀ nínú oòrùn. Ẹni náà kò mu omi ọ̀hún kó lè padà sínú oòrùn kí oòrùn sì lè pa á dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ̀rín ń ṣe nínú eré tó le nìyẹn gan-an. Òǹkọ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò fún wa ní ẹ̀rín kí a lè sinmi. Ó fún wa kí ohun tó ń bọ̀ lè wọ̀ wá lára. Nínú Logan, tó jáde ní 2017 bákan náà, Charles Xavier, olùkọ́ àtijọ́, àti Logan, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà kan, jókòó ti oúnjẹ alẹ́ nílé àwọn àgbẹ̀ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n ń fi ilé ìwé àtijọ́ dápàárá, àgbàlagbà náà ń sọ irú akẹ́kọ̀ọ́ burúkú tí Logan jẹ́, gbogbo àwọn tó wà ní ìdí tábìlì sì ń rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti pa Charles, wọ́n sì ti pa àwọn tó gbà wọ́n lálejò. Bí ẹ bá yọ ẹ̀rín ìdí tábìlì náà kúrò, òkú àjèjì lásán ni àwọn onílé náà yóò jẹ́ lójú wa. Ta ni ẹ̀rín yẹn tù lára?

The Dark Knight ti 2008 tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀daràn inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Joker, orúkọ tí kò jìnnà sí Aláwàdà rárá, sọ fún àwọn olórí jàǹdùkú pé òun fẹ́ pidán, pé òun yóò mú kí pẹ́ńsù kan pòórá. Ó gbé pẹ́ńsù náà nàró lórí tábìlì, ó gbá orí ẹnìkan mọ́ ọn, pẹ́ńsù sì pòórá lóòótọ́. Mo rántí bí àwa mẹ́rin ṣe ń wò ó ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Pánṣẹ́kẹ́: gbogbo wa ni a rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni a wá ń wojú ara wa bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ jalè. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ “àwàdà ìtura” sí ìsàlẹ̀ irú ìran bẹ́ẹ̀, irọ́ ló pa.

Bí mo ṣe ń ro ọ̀rọ̀ yìí kiri ni mo yà sọ́dọ̀ bàbá onílù dùndún kan ní Ìtòkú. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá dẹwọ́ lára àwọn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní àwọn dẹ ọṣán ni. Mo bi wọ́n pé ṣé kí ìlù lè sinmi ni. Bàbá wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè, wọ́n ní bí àwọn kò bá dẹ ọṣán, báwo ni ìlù yóò ṣe sọ̀rọ̀?

Ẹ rò ó wò. Bí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, ohùn ìlù a lọ sókè; bó bá dẹ ẹ́, ohùn a wálẹ̀; ìwọ̀n ọwọ́ láàárín méjèèjì ló ń mú ohùn àárín jáde. Ìlù tí a fún lọ́ṣán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ní agbára ju ìlù mìíràn lọ. Akólòlò ni yóò jẹ́, nítorí kò ní lè ki ẹnikẹ́ni tí ohùn ìsàlẹ̀ bá wà nínú oríkì rẹ̀. Irú ìlù bẹ́ẹ̀ ni fíìmù akọni abàmì tó bá ní dandan ni kí òun le láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, tí òru kì í mọ́ nínú rẹ̀, tí òjò kì í dá, tí gbogbo akọni sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí eyín ń ro. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá “ẹ̀rín adẹṣán”: “ẹ̀rín”, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òǹwòran ni à ń dárúkọ, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ló fà á tàbí ìṣe, “adẹṣán”, nítorí ẹni tó dẹ ọṣán kò gbé ìlù kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, yóò sì tún fún un.

Àbúrò wa ti Aṣẹ́rò kò wá ṣi ọ̀rọ̀ sọ pátápátá. Ní ìparí Thor: Ragnarok, ìlú Asgard ń jó, àwọn ọmọ rẹ̀ dúró nínú ọkọ̀ wọ́n ń wò ó. Korg, ẹlẹ́ran-ara òkúta, tí Taika Waititi tó darí fíìmù náà fi ohùn ara rẹ̀ ṣe, ní bí ìpìlẹ̀ bá ṣì lágbára, àwọn yóò tún un kọ́. Kò tíì pa ẹnu dé tí gbogbo rẹ̀ fi fọ́ yángá, ó sì ní ó mà ṣe o, ìpìlẹ̀ ti lọ. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, tí wọ́n fi ìtàn bí àwọn baba wa ṣe pàdánù àwọn ìlú wọn nínú igbó, tí wọ́n sì wá fi abẹ́ Olúmọ ṣe ibùgbé ní 1830, tọ́ dàgbà, kò lè rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, òkú àgbà ni à ń ṣe àríyá fún, tí àwọn ìyàwó ilé ń sín ìrìn olóògbé jẹ, tí àwọn ọmọ òkú pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá dán irú rẹ̀ wò níbi òkú ọ̀fọ̀, wọn yóò lé e jáde. Ìlú tó parun lójú àwọn ọmọ rẹ̀, òkú ọ̀fọ̀ ni. Mo mọ̀ pé fíìmù náà ní ìdáhùn, nítorí ó ti sọ ṣáájú pé àwọn ènìyàn ni Asgard, kì í ṣe ilẹ̀. Ìdáhùn náà dára. Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ ṣáá ni mo ń tọrọ kí ẹ̀rín tó dé. Onílù kò dẹ ọṣán níbẹ̀. Ọ̀bẹ ló fi gé e.

Ṣùgbọ́n kí a tó sọ ọ̀rọ̀ òkú ọ̀fọ̀ di òfin, ẹ wo Avengers: Endgame ti 2019. Wọ́n ti sin Tony Stark, akọni tí wọ́n ń pè ní Iron Man, tán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Happy jókòó ti ọmọbìnrin kékeré tó fi sílẹ̀ lọ, ó bi í pé kí ló fẹ́ jẹ. Ọmọ náà ní bọ́gà oníwàràkàṣì ni. Ẹni tó bá wo Iron Man ti 2008 yóò rántí pé bọ́gà yìí náà ni bàbá rẹ̀ béèrè fún nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó jí i gbé. Òkú ọ̀fọ̀ ni, ẹ̀rín sì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò lé e jáde, nítorí ọmọ òkú ló sọ ọ́, kò sì mọ̀ pé òun ń pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ ọ́ ṣe pàtàkì, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó sọ ọ́ ṣe ṣe pàtàkì. Ní ti fíìmù Justice League, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: Zack Snyder, tó ń darí rẹ̀, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ikú ọmọbìnrin rẹ̀, Joss Whedon parí rẹ̀ fún 2017, ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kún un, ẹ̀dà ti Snyder fúnra rẹ̀, tó gùn tó wákàtí mẹ́rin, jáde ní 2021. Ẹni tó bá wo méjèèjì yóò rí bó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹnìkan bá ń lu ìlù tí ẹlòmíràn sì ń bá a fún ọṣán rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkọtọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ti Ìbarà ti bẹ̀rù pé “adẹṣán” lè dún bí ẹni tó ń dẹ nǹkan, bíi dẹ pàkúté. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù yín ní ìdí, ṣùgbọ́n “dẹ̀” olóhùn ìsàlẹ̀ ni èyí, tí ohùn rẹ̀ ń di ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú “dẹwọ́”. N kò sì tíì rí ẹni tó gbọ́ “dẹwọ́” tó rò pé wọ́n fi ọwọ́ ṣe pàkúté. Ní ti pé àyè kéré ní ìsàlẹ̀ fíìmù, mo ka lẹ́tà wọn: mẹ́wàá ni “ẹ̀rín adẹṣán”, mẹ́wàá náà ni “àwàdà ìtura”. Àmì ohùn ni ìṣòro tòótọ́. Tẹlifíṣọ̀n tí kò bá lè gbé àmì yóò kọ “adesan”, òǹwòran yóò sì rò pé orúkọ ẹnìkan ni, pé bóyá Adésànyà ni kò parí. Ẹ lè kọ ọ́ ní “adẹ-ọṣán” fún ìgbà díẹ̀, títí etí yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó mi gbọ́ ọ bí mo ṣe ń kà á sókè láti inú pálọ̀, ó sì béèrè bóyá àgbo tó ń dẹ iṣan ni mo ń wá rà.