Ìrun Ìsìtìkárà: ṣé dandan ni kí èèyàn lálàá?

Ìyá Aláṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Òkè-Ajé ni mo ti ń tajà. Wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀bù kan lọ̀ mí ní Ṣágámù, owó ọdún méjì ni wọ́n fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ kírun Ìsìtìkárà, ìrun tá a fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá wa yan èyí tó dáa, kí n tó fèsì. Wọ́n ní ojú àlá ni èsì rẹ̀ ti ń wá. Tí n kò bá lálàá ńkọ́?

Ààfáà ọmọ Ìpẹ̀rù: Ẹ má wojú àlá rárá, ìyá wa. Kò sí àlá nínú hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí Jábírì sàábé rẹ̀ gbà wá lórí ìrun yìí. Ráká méjì ni, yàtọ̀ sí ìrun ọ̀ranyàn. Ẹ ṣe àlùwàlá, ẹ kí i, tẹ́ ẹ bá ti sálámà, ẹ ka àdúà rẹ̀. Bẹ́ ẹ kò bá mọ̀ ọ́n lórí, ẹ wò ó nínú ìwé. Ẹ má kí i lẹ́yìn Àsùbá títí oòrùn á fi yọ, tàbí lẹ́yìn Alásárì títí á fi wọ̀. Ẹ̀yìn Ìsáì dáa.

Níbi tí àdúà ti ní "ọ̀rọ̀ yìí", ẹ dárúkọ rẹ̀ gan-an: ṣọ́ọ̀bù Ṣágámù, owó ọdún méjì. Ìparí rẹ̀ ló ṣòro jù: bí kò bá dáa fún mi, gbé e jìnnà sí mi, gbé mi jìnnà sí i, kí O sì jẹ́ kí n yọ́nú sí ohun tí O bá yàn. Ẹni tó ti san àsansílẹ̀ kó tó kírun kò lè fi gbogbo ọkàn sọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Kátólíìkì ni mí o, àmọ́ ohun tí Ignatius ti Loyola, ẹni mímọ́ kan nínú ìjọ wa, fi kọ́ni lórí bá a ṣe ń ṣèpinnu bá èyí mu. Ẹ pín ìwé sí mẹ́rin: èrè tó wà nínú gbígbà á, ewu ibẹ̀, èrè tó wà nínú kíkọ̀ ọ́, ewu tiẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ká ní ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, kí lẹ máa sọ fún un? Ẹ gba ìmọ̀ràn yẹn fúnra yín. Tí ọkàn bá dàrú tàbí tó rẹ̀wẹ̀sì, ẹ má yí ìpinnu padà lásìkò yẹn.

Ìyá Aláṣọ: Ọkàn mi ti ń fà sí Ṣágámù tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Ààfáà ọmọ Ìpẹ̀rù: Ẹ bi ara yín léèrè ohun tó ń fà á. Ṣé ọjà ń tà níbẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ sá fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń forí gbárí ní Òkè-Ajé? Tó bá jẹ́ èkejì, ẹ yanjú ìyẹn ná kẹ́ ẹ tó kírun. Tẹ́ ẹ bá kí i tán, ẹ lọ bá àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà sọ̀rọ̀, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, ẹ wo ìwé onílé. Bí ọ̀nà bá ń là, ẹ tẹ̀ síwájú. Bó bá ń dí, ẹ jáwọ́. Bí kò bá tíì yé yín, ẹ lè tún ìrun náà kí.