Báwo lọkùnrin ṣe ń mọ irú awọ ojú rẹ̀ kó tó náwó sí ìpara?

Ará Ìbarà
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tó bá fi máa di aago méjìlá ọ̀sán, iwájú orí àti imú mi á ti máa dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ imú ń bó. Oníìpara kan ní Kútọ̀ ní awọ gbígbẹ ni, èkejì ní olóròóró ni. Ọṣẹ dúdú ni mo fi ń fọjú, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń dá a mọ̀ fúnra rẹ̀?

Apòògùn Òkè-Ìlẹ̀wọ̀
Kò sí nínú àwọn méjèèjì tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n nínú oòrùn ọjà. Ohun tó ń dán lọ́sàn-án lè jẹ́ òógùn, ó lè jẹ́ ìpara àárọ̀, ó sì lè jẹ́ òróró ara. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọṣẹ àti ìpara kúrò nínú ẹjọ́ náà.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀, ẹ má sì fá irùngbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ olómi tí kò ní òórùn fọjú. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà méjì tó. Ìka ọwọ́ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe kànìnkànìn. Ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ fi aṣọ ìnura tó mọ́ tẹ omi rẹ̀ gbẹ, ẹ má nù ún. Ẹ má fi ohunkóhun pa á. Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ ò ti ní làágùn fún 60 ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú tíṣù funfun, ẹ ṣí i sí awẹ́ kan ṣoṣo, torí bó bá nípọn, kò ní fi nǹkan hàn. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ iwájú orí, imú, àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ ka 1 dé 10. Ẹ wá gbé e síwájú iná. Ibi tí òróró bá kàn á mọ́lẹ̀ kedere, bíi bébà tí wọ́n fi wé àkàrà. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ dúró fún 10 ìṣẹ́jú: òógùn á gbẹ, àbàwọ́n rẹ̀ á lọ, òróró ò ní lọ.

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ní àbàwọ́n, awọ olóròóró ni. Bí kò bá sí ìkankan, tí awọ sì ń fà tẹ́ ẹ bá lanu, gbígbẹ ni. Bó bá jẹ́ iwájú orí, imú àti àgbọ̀n nìkan, àmúlùmálà ni. Bí àbàwọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, tí awọ ò sì fà, ó wà déédéé. Ẹ tún un ṣe nígbà ọyẹ́, torí ojú Oṣù Kẹfà kọ́ lojú Oṣù Kìíní.

Ọmọ Ìtòkú
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ wọ́nú lórí ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú o. Òun làwọn bàbá wa fi ń wẹ̀ kí ọṣẹ olómi tó dé.

Apòògùn Òkè-Ìlẹ̀wọ̀
Àbúrò, mi ò bú u. Eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, eérú sì le. pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tàbí bó ṣe le bí eérú tó, sábà máa ń wà láàárín 9 sí 10, ti awọ ojú ò sì ju bíi 5 lọ. Ẹni tó bá lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, awọ rẹ̀ á máa fà, á máa bó, bẹ́ẹ̀ òróró ń yọ lábẹ́. Ìdí nìyẹn tóníìpara méjì fi sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tẹ́ni bá fẹ́ lò ó ṣáá, kó fi ìwọ̀n ẹyọ àgbàdo kan pò mọ́ omi lọ́wọ́ títí á fi hó, alẹ́ nìkan. Kó má fi ògúlùtu rẹ̀ ra ojú, ó ń họ awọ.

Onígbàjámọ̀ Pánṣẹ́kẹ́
Ẹ má ka abẹ́ àgbọ̀n mọ́ àyẹ̀wò yẹn. Kókó tó ń wú níbẹ̀ kì í ṣe irú awọ. Irun wa ló ká: tí abẹ bá gé e mọ́lẹ̀ jù, ṣóńṣó rẹ̀ á yí padà gún awọ, ibẹ̀ á sì wú bí ibi tí ẹ̀gún wà. Ẹ jẹ́ kí kílípà ṣẹ́ ẹ kù ní bíi mìlímítà kan, ẹ má fà awọ le, ẹ sì bá ibi tí irun dojú kọ lọ. Tó bá jẹ́ abẹ lẹ fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tó rin fún omi gbígbóná bò ó fún ìṣẹ́jú 3.

Ohun kan tún wà. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé awọ àwọn ẹlẹgẹ́ nítorí pé sípírítì ta wọ́n. Ojú ọgbẹ́ abẹ ni wọ́n da sípírítì sí, ta ni kò ní ta? Ẹ fi ìpara tuntun pa ẹ̀yìn etí, ẹ wò ó fún wákàtí 48. Tó bá wú tàbí tó bá yún níbẹ̀, a jẹ́ pé awọ yín ò gbà á.

Ará Ìbarà
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ṣe é. Iwájú orí, imú àti àgbọ̀n ní àbàwọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ imú àti àárín irun òkè ojú ṣì ń bó, ó ń yún díẹ̀, ó sì funfun ju ibi tó kù lọ.

Apòògùn Òkè-Ìlẹ̀wọ̀
Àmúlùmálà ni awọ yín. Bíbó yẹn kì í ṣe ti gbígbẹ, torí ibi tóròóró pọ̀ sí jù ló ń bó. Ó jọ seborrheic dermatitis, mọ̀lẹ́bí ìpẹ́ funfun tó máa ń já nínú irun orí. Ohun tíntìntín kan tó ń jẹ òróró awọ, Malassezia, ló wà nídìí rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń fi òrí tàbí àdí pa á ń fún un lóúnjẹ ni. Ẹ ra ṣampú ketoconazole 2%, oògùn tó ń pa ohun tíntìntín náà, ẹ fi pa ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kẹ́ ẹ tó ṣàn án, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ má jẹ́ kó kan ẹyinjú. Tí kò bá lọ, ẹ rí dókítà awọ.

Ìpara inú túùbù tí wọ́n ń pè ní «amójúmọ́» lọ́jà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá rí clobetasol tàbí betamethasone, àwọn oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, lára páálí rẹ̀, ẹ dá a padà. Ó lè pa bíbó náà lọ́jọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n á mú kí awọ tín-ín-rín, tẹ́ ẹ bá sì dáwọ́ dúró, á padà wá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọmọ Ìtòkú
Òrí wá di ẹbọra lójú yín báyìí?

Apòògùn Òkè-Ìlẹ̀wọ̀
Rárá o. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan, ìgbà ọyẹ́, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan, lórí awọ tó ṣì tutù díẹ̀. Kó má dé imú.